Ta Ni Wá Ní Ìlú Tí A Kò Ti Mọ̀ Wá?

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba ni, Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ó sì la ọ̀nà sórí rẹ̀ fún ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀, títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí jẹ mọ́ ìrìn-àjò. Kì í ṣe ìrìn-àjò Hájì, kì í sì í ṣe ti òwò tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́. Irú èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń fẹ́ ṣe nísinsìnyí ni a ní lọ́kàn: kí ènìyàn gbé àpò kan kọ́ ẹ̀yìn, kí ó mú owó díẹ̀ dání, kí ó sì máa ti ìlú ńlá kan bọ́ sí òmíràn ní orílẹ̀-èdè tí kò ti ní ìyekan, tí kò gbọ́ èdè wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì retí rẹ̀. Àwọn àgbà kan ní ìfowóṣòfò ni. Àwọn ọ̀dọ́ a sì dá wọn lóhùn pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. A kò fẹ́ parí ìjà yẹn níhìn-ín. Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé pè wá lọ́pọ̀ ìgbà pé kí á rìn lórí ilẹ̀, kí á fi ojú inú wo ìgbẹ̀yìn àwọn tí ó ti lọ ṣáájú wa, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìrìn-àjò fúnra rẹ̀ burú. Ìbéèrè kan wà tí ó wúwo ju ìyẹn lọ: nígbà tí Mùsùlùmí bá dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, ta ni ó jẹ́?

Ọgbà tí ó yí wa ká

Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa. Púpọ̀ nínú ìwà rere tí à ń hù nílé, ojú àwọn ènìyàn ni ó ń ràn wá lọ́wọ́ hù ú. Bàbá wa mọ lémọ́ọ̀mù àdúgbò. Ìyá wa mọ ìyá olóúnjẹ. Bí a bá pa ìrun Jímọ̀ jẹ, ẹnìkan yóò béèrè wa. Bí a bá bú àgbàlagbà ní ibùdókọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti délé. Ìdí nìyí tí àwọn òbí wa fi ń sọ fún ọmọ tí ó bá ń jáde nílé pé kí ó rántí ọmọ ẹni tí ó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ọ̀rọ̀ náà máa ń mú ọmọ ṣinṣin nítorí pé ẹni tí yóò bá pàdé lójú ọ̀nà lè mọ ọmọ ẹni tí ó ń ṣe. Ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ orúkọ bàbá ẹni rí ńkọ́?

Níbẹ̀ ni ọgbà ti wó. Ẹlòmíràn a sì ka wíwó rẹ̀ sí òmìnira. A wí fún ara rẹ̀ pé, "Kò kúkú sí ẹni tí ó mọ̀ mí níbí." Gbólóhùn kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ń sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ìrun á bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá àkókò. Ibi tí kò ní wọ̀ nílé, á yọjú sí i. Ẹni tí kì í gbé ohùn sókè sí àgbà nílé á máa jágbe mọ́ arúgbó aláàárù nítorí owó tí kò tó nǹkan.

Àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá ti ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ìrìn-àjò, ìyẹn safar, bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe ṣíṣí ìbòjú tan. Ìrìn-àjò a máa ṣí ìwà ènìyàn sílẹ̀. Imam al-Ghazali, tí ó kú ní 1111, ya odidi ìwé kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìrìn-àjò nínú iṣẹ́ ńlá rẹ̀ tí í ṣe Ihya. Wọ́n sì gbà á wá pé nígbà tí ọkùnrin kan wá jẹ́rìí fún ẹnìkejì rẹ̀ lọ́dọ̀ Umar, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ohun tí Umar bi í ni bóyá aládùúgbò rẹ̀ ni, bóyá ó ti bá a ṣe pọ̀ nípa owó, bóyá ó sì ti bá a rin ìrìn-àjò rí. Nígbà tí ọkùnrin náà kò ti ṣe ọ̀kankan, Umar fi yé e pé kò mọ ẹni náà. Bóyá mọ́sáláásí ni ó ti ń rí i tí ó ń tẹ orí ba tí ó sì ń gbé e sókè. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti le tó! Orí tí a ń tẹ ba ní mọ́sáláásí àdúgbò kò tíì tó ẹ̀rí lórí wa.

Ohun tí a gé kúrú àti ohun tí a kò gé

Ẹ̀sìn wa fẹ́ràn arìnrìn-àjò. A ní kí ó ki ìrun olópòó mẹ́rin ní méjì. Bí Ràmádáánì bá bá a lójú ọ̀nà, ó lè jẹun kí ó sì san án padà ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí ó wà nílé lè pa omi sórí ìbọ̀sẹ̀ aláwọ rẹ̀ fún ọ̀sán kan àti òru kan. Ti arìnrìn-àjò di ọjọ́ mẹ́ta tọ̀sán-tòru. Àdúà rẹ̀ wà lára àwọn tí Ànábì sọ pé Ọlọ́hun kì í dá padà. Èyí tí ó tún jinlẹ̀ jù ni pé, nínú àwọn ìsọ̀rí mẹ́jọ tí Súrà Tawbah kà sílẹ̀ pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí Sákà, ọmọ ojú ọ̀nà ni ó kẹ́yìn wọn. Ẹni náà lè jẹ́ ọlọ́rọ̀ nílé rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí owó rẹ̀ bá ti jìnnà sí i, tí ìrìn-àjò rẹ̀ kò sì jẹ́ ti ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ ìrọ̀rùn láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ẹ wá inú ìwé òfin ẹ̀sìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ kò ní rí ibi tí a ti ní kí arìnrìn-àjò pín òtítọ́ sí méjì kí ó mú ìlàjì. Ẹ kò ní rí ibi tí a ti dín ìtìjú kù fún un, tàbí ibi tí a ti sún ìpamọ́ ohun tí a fi síkàáwọ́ ẹni síwájú di ìgbà tí ó bá padà délé. Ìrun ni a ń gé kúrú lójú ọ̀nà. A kì í gé ìwà kúrú.

Ẹni tí kò rí ẹni kí i

Ní 1325, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 21 dá kúrò ní ìlú Tangier ní Mòrókò, ó ń lọ sí Mẹ́kà. Ibn Battuta ni orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí lónìí, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọjá àdúgbò wọn. Nígbà tí òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń rìn dé Tunis, àwọn ará ìlú jáde wá pàdé wọn. Oníkálukú ń kí ojúlùmọ̀ rẹ̀, wọ́n ń béèrè àlàáfíà ara wọn. Kò sí ẹnìkan tí ó kí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé omi bọ́ lójú òun. Arìnrìn-àjò kan rí i, ó yé e, ó sì sún mọ́ ọn, ó kí i, ó ń bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi wọ ìlú. Kí ọdún náà tó parí, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń lọ sí Hájì fẹ́ kúrò ní Tunis, òun gan-an ni wọ́n fi ṣe adájọ́ wọn.

Ó rìn fún nǹkan bí ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ní 1352, ó dé ilẹ̀ Màlì, ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa níhìn-ín, nígbà ìjọba Mansa Sulayman. Ó ti di ẹni ńlá nígbà náà, àwọn ọba ti fún un ní ẹṣin àti aṣọ. Nígbà tí ẹ̀bùn ìkíni-káàbọ̀ ọba dé, ó retí owó àti aṣọ olówó iyebíye. Búrẹ́dì mẹ́ta, ẹran màlúù dídín kan àti igbá wàrà kíkan kan ni ó bá níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọgbọ́n wọn kéré tí wọ́n fi lè gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ga.

Ẹ dúró lórí ìtàn méjèèjì yìí díẹ̀. Ẹni tí ó sunkún nígbà tí kò rí ẹni kí i ni ó wá ń fi oúnjẹ tí àlejò rí jẹ rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe èèyàn búburú. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ìtàn méjèèjì fún wa, kò fi ọ̀kan pamọ́. Òun kan náà ni ó sì jẹ́rìí pé ní Màlì, arìnrìn-àjò kì í bẹ̀rù olè, àti pé bí àjèjì aláwọ̀ funfun bá kú sí ilẹ̀ náà, wọn kì í fọwọ́ kan dúkìá rẹ̀ bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó. Ọwọ́ ẹni tí ó ṣeé fọkàn tán láàárín àwọn ará rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi í sí títí ẹni tí ó ni ín yóò fi gbà á. Òkú àjèjì kò lè jẹ́jọ́, kò sì lè dúpẹ́. Síbẹ̀ wọ́n pa owó rẹ̀ mọ́. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ ẹni tí wọ́n jẹ́, níwájú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n.

Ní àárín ọjà Fez

Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀lé ọ̀dọ́ òde òní dé Mòrókò kan náà, ibi tí Ibn Battuta ti ṣẹ̀ wá, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Tíjáníyà láti ilẹ̀ wa sì mọ̀ nítorí Sáwíyà Sheikh Ahmad al-Tijani tí ó kú sí Fez ní 1815. Láti 2018, ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá ń gbé ènìyàn láti Tangier dé Casablanca ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè rí Tangier, Casablanca, Marrakesh àti Fez láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìyára yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí a bá kàn kọjá lára rẹ̀ fìrí, ó rọrùn kí á kà á mọ́ ara ògiri.

Nínú Fez àtijọ́, mọ́tò kò lè wọ àwọn ọ̀nà tóóró náà. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n fi ń ru ẹrù, onítọ̀hún a sì máa pariwo "Balak!" kí àwọn ènìyàn lè yà fún un. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Láìpẹ́ ọ̀nà á dàrú mọ́ ọn lójú. Ọmọkùnrin kan lè yọ sí i pé ọ̀nà iwájú ti dí, pé kí ó tẹ̀lé òun. Á mú un yí káàkiri, á mú un dé ṣọ́ọ̀bù ẹbí rẹ̀, á sì béèrè owó. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọkàn àlejò á yí padà, á ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Nígbà tí bàbá arúgbó kan bá wá kí i ní sálámà láìfẹ́ gba kọ́bọ̀, kò ní dáhùn. Ẹ̀tọ́ tí Mùsùlùmí ní lórí Mùsùlùmí ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ jẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìlú náà ní ibì kan tí wọ́n ti ń ṣe awọ láti ayébáyé. Àwọn ọkùnrin á dúró nínú ikòkò ńlá tí a mọ sílẹ̀, aró àti omi ẹfun á mù wọ́n dé itan. Àwọn àlejò á dúró sókè lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn oníṣọ́ọ̀bù, wọ́n á di ewé olóòórùn dídùn mú sí imú nítorí òórùn awọ, wọ́n á sì máa ya fọ́tò. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú wíwo iṣẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó wà nínú ikòkò yẹn, bàbá ẹnìkan ni. Nígbà tí a bá pe ìrun, á wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, á ṣe alùwàlá, òun àti àlejò tí ó ya fọ́tò rẹ̀ yóò sì lè dúró ní èjìká sí èjìká nínú sáfù kan. Ǹjẹ́ a bi í kí á tó ya á? Bí a bá sì dé ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà tí a fi awọ rẹ̀ ṣe, ṣé àwa tí a san owó gọbọi fún bàálù ni a óò fi wákàtí kan jà lórí dírámù mẹ́wàá? Ànábì tọrọ àánú Ọlọ́hun fún ẹni tí ó bá rọrùn nígbà tí ó bá ń tà àti nígbà tí ó bá ń rà. Nínà ọjà kò burú. Kí á nà án dé ibi tí oníṣẹ́ kò ti ní rí owó oúnjẹ, tí a óò sì máa fi yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ wa nílé, ìyẹn ni ó burú.

So ràkúnmí rẹ

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ṣé kí á wá jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́ wa jẹ ni?" Rárá o. Ẹni tí ó bi Ànábì bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun, ohun tí ó gbọ́ ni pé kí ó so ó ná. Pín owó rẹ sí ibi méjì. Béèrè iye kí o tó wọkọ̀. Bí o bá ṣìnà, mọ́sáláásí tí ó bá sún mọ́ ọ tàbí ìyálójà tí ó jókòó sí ìdí ọjà rẹ̀ ni kí o ti béèrè, nítorí abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Jẹ́ kí ará ilé mọ ìlú tí o wà. Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ni kò fọwọ́ sí i kí obìnrin dá ìrìn-àjò jíjìn lọ láìsí mahram, nítorí náà ẹ fi ọ̀rọ̀ lọ alfa tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé kí ẹ tó di ẹrù.

Ọwọ́ ni a fi ń so ràkúnmí; kò yẹ kí á fi okùn kan náà so ọkàn. Ìṣọ́ra ń dáàbò bo àpò ẹni. Àbùkù a máa ba ẹni tí ó ń fi í kan ẹlòmíràn jẹ́, kódà bí a kò bá jí i ní nǹkan kan. Súrà Hujurat kọ̀ fún wa láti máa ro ènìyàn ní ibi púpọ̀, ó sì sọ fún wa pé nítorí kí á lè mọ ara wa ni Ọlọ́hun ṣe dá wa ní orílẹ̀-èdè àti ẹ̀yà. Ẹni tí ó rin ìlú mẹ́rin tí kò mọ ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó rìn.

Àpò tí a yàn àti àpò tí a kò yàn

Ìdánwò tí ó le jù kù sẹ́yìn. Láti etíkun Tangier, bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ènìyàn á rí ilẹ̀ Sípéènì. Níbi tí omi náà ti fún jù, kò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rìnlá lọ. Nítorí ìdí èyí, ní Tangier àti Casablanca, a óò pàdé àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tí àwọn náà gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn: ọmọ Gíní, ọmọ Sùdáànì, ọmọ Nàìjíríà pàápàá. Ogun tàbí ebi ni ó lé wọn jáde, wọ́n ń wá ọ̀nà dé Yúróòpù. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà 2022, ó kéré tán ènìyàn 23 ni ó kú níbi tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti fo ọgbà wọ Melilla, ìlú tí Sípéènì ń ṣàkóso ní etí Mòrókò.

Ọlọ́pàá lè dá ọ̀dọ́ tiwa dúró, kí ó rò pé ara wọn ni. Òun ní páásípọ́ọ̀tù tí a ti lu físà sí, ó ní owó òtẹ́ẹ̀lì, ó ní tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀. Kò burú kí ó fi ìwé rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan máa ń sáré wá sẹ́nu ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀: "Èmi kì í ṣe ara àwọn yẹn." Kí ó ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ yẹn. Nínú àwọn méjèèjì tí wọ́n gbé àpò, ta ni Súrà Tawbah ń pè ní ọmọ ojú ọ̀nà jù? Ṣé ẹni tí ó yan ìrìn rẹ̀ ni, tàbí ẹni tí kò ní ibi tí yóò padà sí?

Àwa Yorùbá kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Àìmọye àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìran dé ìran ni wọ́n di ẹrù sórí lọ́jọ́ náà. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba tiwa náà lé àwọn ọmọ Gánà àti àwọn àjèjì mìíràn jáde, a sì fi orúkọ wọn sọ àpò tí wọ́n fi kó ẹrù. Títí di òní, "Ghana Must Go" ni a ń pè é. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti lé àwọn ọmọ rẹ̀ rí ni ó lé ẹlòmíràn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó sunkún ní Tunis ṣe rẹ́rìn-ín ní Màlì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí Ọlọ́hun bá ṣí ọ̀nà, ẹ rìn. Ẹ wo ìlú, ẹ kọ́ èdè, ẹ jẹ oúnjẹ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìlú tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ wá ni ibi tí a ti ń mọ̀ wá jù, nítorí Ẹni kan ṣoṣo tí ń wò wá níbẹ̀ kì í ṣẹ́jú. Àwa tí a sì jókòó sílé, ìdánwò kan náà ń kan ilẹ̀kùn wa. Lọ́la, ní gáréèjì Ìbàdàn tàbí ti Òṣogbo, ẹnìkan yóò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò lẹ́yìn, tí kò gbọ́ Yorùbá, tí kò sì rí ẹni kí i. Kí á kí i.

Ọlọ́hun kí ó ṣọ́ wa nílé, kí ó ṣọ́ wa lójú ọ̀nà, kí ó má sì jẹ́ kí ìrìn-àjò tú àṣírí ìwà búburú sí wa lára. Àmín.